Ohun Tí Ìrẹsì Ń Fà Láti Inú Ilẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan nínú wa sọ ní ìpàdé àwọn ìyá ẹgbẹ́)

Òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù ti ń ta sánsán láti kíṣìnnì, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ní ìpàdé tó kọjá, Màmá kan bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé lóòótọ́ ni pé májèlé ń wọ inú ìrẹsì?" Mo ní, "Màmá, ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ ni ìrẹsì ń mu."

Ní ilẹ̀ Japan, ní agbègbè Toyama, odò kan wà tó ń jẹ́ Jinzu. Ibi ìwakùsà kan ń da ẹ̀gbin sínú rẹ̀ lókè, àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ sì ń fi omi náà bomi rin oko ìrẹsì. Kádímíọ́mù wà nínú ẹ̀gbin yẹn. Gbòǹgbò ìrẹsì kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ohun tí ara rẹ̀ ń wá, ó gbà á wọlé. Àwọn ìyá àgbà ló jìyà jù: kídìnrín bàjẹ́, eegun rọ̀, ikọ́ lásán á sì ṣẹ́ egungun ìhà. Itai-itai ni wọ́n ń pe àrùn náà, ìyẹn ni "ó ń dùn mí, ó ń dùn mí". Ọdún 1968 ni ìjọba tó gbà pé kádímíọ́mù ló fà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ilẹ̀ oko náà ní 1979, kò parí títí di 2012. Ẹ rò ó wò.

Èyí tó kàn wá jù níbí ni ásẹ́níìkì. Inú omi ni oko ìrẹsì sábà máa ń wà. Bí omi bá bo ilẹ̀, ásẹ́níìkì tó lẹ̀ mọ́ ọn á tú, gbòǹgbò á fà á. Ara èèpo ló pọ̀ sí. Ìrẹsì aláwọ̀ ilẹ̀ tí à ń sanwó gọbọi lé nítorí ìlera ló sì ní in ju funfun lọ. (Èmi náà ń jẹ ẹ́ o.)

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ fetí sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 má mu rice drink, ohun mímu tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe bíi mílíìkì. Mo ti rí ìyá kan tó ń fún ọmọ rẹ̀ ní ìgò mẹ́ta lójúmọ́, torí mílíìkì màlúù kò bá ọmọ náà lára mu. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Bí ti ọmọ tìrẹ bá rí bẹ́ẹ̀, má dá a ṣe. Lọ bá dókítà tàbí health visitor.

Ti ìkòkò wa ńkọ́? Àwọn ìyá wa nílé á sè ìrẹsì díẹ̀, wọ́n á da omi àkọ́kọ́ nù, wọ́n á ṣàn án, kí wọ́n tó gbé e padà síná. Àwa tí a dé ibí, a ra bàsùmátì, a dà á sínú ata tààrà. Ní 2020, àwọn olùwádìí Yunifásítì Sheffield rí i pé bí a bá fi ìrẹsì sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 5, tí a dà á nù, tí a fi omi mìíràn sè é parí, ásẹ́níìkì tó lé ní ìdajì ń bá omi lọ nínú ìrẹsì aláwọ̀ ilẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sì ń lọ nínú funfun.

Màmá tó bi mí ní ìbéèrè ló ń rẹ́rìn-ín níwájú níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní àwọn kò dẹ́kun dída omi àkọ́kọ́ nù láti ọjọ́ tí àwọn ti wọ ọkọ̀ òfuurufú wá.