Èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikọ́ nìkan

 Ẹ̀yin ará wa ní Wàrri àti Ẹ̀fúrùn, èéfín ni mo fẹ́ bá yín sọ. Tí a bá ti dárúkọ èéfín, ikọ́ ló ń wá sí wa lọ́kàn. Kò tán síbẹ̀ o. Eruku kan wà nínú èéfín tí ojú ò lè rí, imú ò sì lè dá a dúró. Ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á wá máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò ẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ìta tó dọ̀tí pa èèyàn bíi mílíọ̀nù 4.2 ní 2019. Nínú 100 wọn, bíi 68 ni àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ gbé lọ.

A ò lè pa iná gáàsì tó ń jó lọ́sàn-án lóru, a ò sì lè dá àwọn tó ń se epo nínú igbó dúró. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ẹnu ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ wa ló wà. Ẹ gbé e jìnnà, ẹ kọ ẹnu èéfín rẹ̀ síbi tí kò séèyàn. Ẹ má sun ọ̀rá lẹ́yìn ìsọ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ásímà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó sójú èéfín, ẹ má sì dá oògùn dúró torí pé ara yá. Bí àyà bá ń fún èèyàn, tí ẹnu wọ́, tàbí tí apá kan kú lójijì, ẹ má dúró wá àgbo. Ilé ìwòsàn ni o, kíákíá. Ọjà á dúró deni.