Àṣírí Ta Ni? Fáìlì Ọlọ́pàá àti Òmìnira Ìwé Ìròyìn ní New York

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ òfin. N kì í ṣe amòfin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé mi dé ìdí ẹjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà sì ni àṣírí.

Ọwọ́ àwọn Haúsá ni a ti yá a, àwọn náà sì yá a láti inú èdè Lárúbáwá, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ilé. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá a rìn. A máa ń bo àṣírí. Àṣírí a sì máa tú. Ẹni tí ó yá wa lówó nígbà tí àlejò dé bá wa lójijì bò wá láṣìírí. Ẹni tí ó ròyìn àìsàn wa láàárín ọjà tú wa láṣìírí. Ìtìjú tàbí àìní ọmọ ènìyàn ni à ń bò níbẹ̀. Lóòótọ́, a tún máa ń sọ pé àṣírí olè tú; ṣùgbọ́n ta ni ó gbàdúrà rí pé kí Ọlọ́run bo olè láṣìírí, bí kò ṣe olè fúnra rẹ̀?

Ní ọdún 1976, ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní 50-a. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò burú. Àwọn agbẹjọ́rò a máa hú fáìlì ọlọ́pàá tí ó wá jẹ́rìí ní kóòtù, wọn a wá ẹ̀sùn àtijọ́ tí kò kan ẹjọ́ tí ó wà nílẹ̀, wọn a sì fi dójú tì í. Òfin náà wá sọ pé ìwé tí a fi ń yẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá wò, yálà fún ìgbéga tàbí fún ìdádúró sẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí i, àfi bí ọlọ́pàá náà bá fọwọ́ sí i tàbí bí adájọ́ bá pàṣẹ. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn akọ̀ròyìn a máa ka àkọsílẹ̀ ìjìyà àwọn ọlọ́pàá ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá gan-an ní ìlú New York. Ní 2016, àwọn aláṣẹ ká ìwé yìí kúrò nílẹ̀. Wọ́n ní òfin 1976 kò gbà á. Ogójì ọdún ni òfin náà lò kí ó tó hu irú eyín yìí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2014, ọlọ́pàá Daniel Pantaleo fi apá kọ́ Eric Garner lọ́rùn ní Staten Island. Garner sọ nígbà 11 pé òun kò lè mí, ó sì kú. Àwọn agbẹjọ́rò béèrè pé: kí ni ọlọ́pàá yìí ti ṣe rí? Adájọ́ kan pàṣẹ ní 2015 pé kí wọ́n dá wọn lóhùn. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i dà ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Oṣù yẹn náà ni ẹnì kan yọ́ ìwé náà jáde fún akọ̀ròyìn. A kà á níbẹ̀ pé kí Garner tó kú, ẹ̀sùn mẹ́rin ni àjọ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lórí ọlọ́pàá yìí. Ẹni tí ó yọ́ ìwé jáde fi iṣẹ́ sílẹ̀ kíákíá. Pantaleo wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2019.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Gwen Carr ni ìyá tí ó bí Garner. Òkú ọmọ rẹ̀ ni ó sin, ṣùgbọ́n òfin sọ fún un pé ìwà ọwọ́ tí ó fún ọmọ náà lọ́rùn jẹ́ àṣírí ọlọ́wọ́. Ìtàn tí ènìyàn méjì jọ wà nínú rẹ̀, báwo ni ẹnì kan yóò ṣe dá jogún ìpamọ́ rẹ̀? Àdírẹ́sì ilé ọlọ́pàá, àìsàn rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, èyí ni mo mọ̀ sí àṣírí rẹ̀, akọ̀ròyìn tí ó bá sì tú u yẹ ní bíbáwí. Ohun tí ó fi aṣọ ìjọba ṣe lára aráàlú kò sí lára wọn.

Lẹ́yìn ikú George Floyd ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni òfin 50-a tó wó: ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ni gómìnà fọwọ́ sí ìfagilé rẹ̀. Àwọn aṣòfin kò gbàgbé láti bo àdírẹ́sì, nọ́ńbà tẹlifóònù àti ọ̀rọ̀ ìlera. Ní oṣù Keje, ProPublica tẹ àkọsílẹ̀ nǹkan bí 4,000 ọlọ́pàá jáde. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ti gba kóòtù lọ ní oṣù náà, wọ́n ní ẹ̀sùn tí a kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ yóò ba orúkọ ọmọlúàbí jẹ́. N kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, aṣọ ọlọ́pàá kò sì yí òwe yẹn padà. Ilé ẹjọ́ kò gbà fún wọn; nígbà tí ó sì di oṣù Kejì ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà sọ pé a kò lè ti gbogbo irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ mọ́lé pọ̀, a ní láti yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà, pẹ̀lú ìkérora díẹ̀, bí ìwé ìròyìn bá ti lè tẹ èsì ìwádìí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀sùn, kí lẹ́tà méjèèjì sì tóbi bákan náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fojú sọ́nà fún iṣẹ́ akọ̀ròyìn, abala 14 nínú òfin òmìnira ìròyìn tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 2011 dáàbò bo fáìlì òṣìṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀: ó ní kí a ṣí i bí àǹfààní aráàlú bá borí ìpamọ́ lọ́nà tí ó hàn gbangba. Ìsàlẹ̀ yẹn ni kí ẹ tọ́ka sí nínú lẹ́tà yín.

Mo ti ṣe tán láti gbọ́ ìbéèrè.