Ọ̀nà, Ìránṣẹ́ àti Owó-Ọ̀nà: Bí a ṣe Lè Yan Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀ Alágbèéká

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí à ń rà lọ́jà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Orí ẹ̀rọ yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń kàwé, orí rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń kọ Yorùbá sí ara wọn lójoojúmọ́. Bí ẹ̀rọ náà kò bá gba èdè wa, tàbí bí owó lílò rẹ̀ bá ju agbára ẹni lọ, èdè náà ni yóò jìyà rẹ̀.

Kí wáyà tẹlifóònù tó dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa a máa fi àrokò ránṣẹ́. Bí a bá so ẹyọ owó méjì kojú síra wọn, ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ ni. Bí a bá so wọ́n kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ìjà ni. Ohun mẹ́ta ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ kí àrokò tó lè jíṣẹ́. Èkíní ni ọ̀nà tí ìránṣẹ́ yóò tọ̀. Èkejì ni ìránṣẹ́ tí kò ní yí ẹyọ owó náà padà lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni ohun tí yóò ná kí ó tó débẹ̀. Mẹ́ta wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ọ̀nà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ìránṣẹ́, owó dátà sì ni owó-ọ̀nà.

Ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í ra ẹ̀rọ kí wọ́n tó béèrè bóyá ọ̀nà wà. Òdìkejì rẹ̀ ni ó tọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí GSM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni a ti mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tí ohùn rẹ̀ ń já gaara ní ìgboro lè má dún rárá ní oko. Ibi tí ẹ ń sùn, ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí àwọn òbí yín ń gbé ni kí ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè.

Ìdí kan tún wà tí ọ̀nà fi yàtọ̀ síra. Ìgbì tí òǹkà rẹ̀ kéré, bíi 700 tàbí 800 megahertz, a máa rìn jìnnà, a sì máa wọ inú ilé. Èyí tí òǹkà rẹ̀ ga, bíi 3500 tí a fi bẹ̀rẹ̀ 5G ní Nàìjíríà ní ọdún 2022, a máa gbé ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà. Nítorí náà, ẹni tí 5G kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ìdí láti san owó gọbọi lé e lórí. Ẹ̀rọ 4G tí ó ń gbọ́ ìgbì olóǹkà kékeré ni yóò wúlò fún un jù.

Ẹni tí ó bá ń ra tòkunbọ̀ ní láti ṣọ́ra. Òmíràn wà tí a ṣe fún ìgbì ilẹ̀ òkèèrè nìkan, òmíràn sì wà tí ilé-iṣẹ́ kan lọ́hùn-ún ti tì pa mọ́ ara rẹ̀. Ẹ ki síìmù yín bọ̀ ọ́, ẹ fi pe ènìyàn, kí ẹ sì ṣí íntánẹ́ẹ̀tì wò kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń lò ni kò dára ládùúgbò yín, láti ọdún 2013 ni àjọ NCC ti fún wa láyè láti lọ sí òmíràn láìpààrọ̀ nọ́ńbà.

Ìránṣẹ́

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Iye kámẹ́rà ni àwọn òǹtajà sábà máa ń kà sí wa létí. Ẹni tí iná mànàmáná ilé rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ ní láti béèrè bátìrì ṣáájú kámẹ́rà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ lọ gba oríkì àti ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní láti béèrè bí ẹ̀rọ náà ti ń gbohùn sílẹ̀ tó, àti bí àyè ìpamọ́ rẹ̀ ti tó.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tí òǹtajà kì í rántí: ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí gbọ́ Yorùbá? Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sí i níwájú òǹtajà: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn ní; àmì ohùn ni ó ya ọkọ ìyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ àgbẹ̀, tí ó sì ya ọkọ̀ tí à ń wọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀kọ̀ tí à ń jù lójú ogun. Gboard, tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ní àyè fún Yorùbá. Kí ẹ wò ó bóyá àmì náà jókòó lórí lẹ́tà, tàbí ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rọ tí ó bá da àmì nù ti yí ẹyọ owó padà lójú ọ̀nà.

Owó-Ọ̀nà

Ní ìbẹ̀rẹ̀, odidi ìṣẹ́jú ni à ń sanwó fún, àfi ìgbà tí Glo dé ní ọdún 2003 tí ó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá ṣírò. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n ṣe pàtàkì bí iye owó. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 tí NCC ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, ìṣírò yìí ti di dandan. Ẹni tí ó ra gígábáìtì 2 fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ó lo ẹyọ kan kí ọjọ́ tó pé, ìlọ́po méjì ni ó ra èyí tí ó lò.

Ẹ wo ohun tí a ń fi dátà ṣe pẹ̀lú. Ètò gbígbọ́ tí ó ń gba kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kì í ju mẹ́gábáìtì 29 lọ ní wákàtí kan. Fídíò tí ó ń gba mẹ́gábíìtì kan yóò gba 450 ní wákàtí kan náà. Gígábáìtì kan tó gbọ́ nǹkan fún ọgbọ̀n wákàtí ó lé. Díẹ̀ ni yóò fi ju wákàtí méjì lọ bí a bá ń wòran.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ ni ó dùn mí jù. Àtẹ lẹ́tà tí a ṣe fún GSM ní Yúróòpù gba lẹ́tà àwọn ará Gíríìkì àti Swídìn, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó bá wà nínú àtẹ náà lè gba lẹ́tà 160. Bí a bá kọ ọ kan ṣoṣo sí i, ó di 70, àmì ohùn tí ó wà lórí ọ́ a sì tún gba àyè tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà 150 tí ìbá jẹ́ ẹyọ kan yóò di mẹ́ta, ó kéré tán, bí a bá kọ ọ́ bí ó ti yẹ. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó bá kọ Yorùbá dáradára ń san owó ìtanràn. Ta ni yóò wá bá ọmọ tí ó dá àmì sílẹ̀ wí?

Dátà ni ó tú okùn yìí. Lórí dátà, ọ́ lè gba báìtì 5. Lẹ́tà 1,000 tí gbogbo wọn rí bẹ́ẹ̀ kì í ju kílóbáìtì 5 lọ. Mẹ́gábáìtì kan ṣoṣo tó fún igba irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mo rọ àwọn ilé-iṣẹ́ àti àjọ NCC kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan jẹ́ ẹyọ kan nínú ìṣírò owó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi ìyókù lé lọ́wọ́: ẹ wádìí ọ̀nà, ẹ dán ìránṣẹ́ wò, ẹ ṣírò owó-ọ̀nà, kí ẹ sì fi àmì sí èdè yín.