Gbèsè Tí Ooru Omi Ń San

(Ìró ìkòkò tó ń hó lórí iná. Ọmọrí ń mì gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n.)

OLÓÒTÚ: Ìkòkò ìrẹsì lẹ ń gbọ́ yẹn, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Ìyá tó ń sè é ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ni.

(Ìró omi tó ń kán: tó, tó, tó.)

Inú ọmọrí lomi yẹn ti ń kán. Ta ló da omi síbẹ̀? Kò sẹ́ni tó dà á. Ooru omi ló gòkè látinú ìkòkò, tó kan irin tí kò gbóná tó o, tó sì padà di omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni píọ̀ wọ́tà ṣe ń làágùn tá a bá mú un jáde nínú fíríìjì. Ọ̀rá ò jò o. Ooru omi tí ojú ò rí nínú afẹ́fẹ́ ló kan òtútù. Ìrì ìdájí lórí ewé, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ṣùgbọ́n kí omi tó di ooru, ó ti yá ìgbóná lọ́wọ́ iná. Ọjọ́ tó bá padà di omi ló ń san gbèsè náà. Joseph Black, onímọ̀ ará Scotland, ló tú àṣírí yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1760. Gbèsè náà kì í ṣe kékeré: ó ju ìlọ́po 5 ìgbóná tó ń sọ omi tó tutù bíi yìnyín di omi híhó.

(Àrá sán. Òjò bẹ̀rẹ̀.)

Gbèsè yẹn ló wà nídìí òjò alárá. Bí oṣù Kẹta bá ti wọlé, atẹ́gùn á máa gbé ooru omi látorí òkun Àtìláńtíìkì wọ ilẹ̀ Yorùbá. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, tó ń dì mọ́ eruku àti iyọ̀ òkun, tí ìkùukùu fi ń ṣú. Ìgbóná tó dá padà á tún ti afẹ́fẹ́ sókè, títí ìkùukùu á fi ga ju kìlómítà 10 lọ. Bíi mílíọ̀nù kan ẹ̀kán inú ìkùukùu ló ń para pọ̀ di ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo.

(Òjò rọlẹ̀. Ìró ìkòkò padà.)

Bí ooru ìkòkò bá bà lé ọwọ́ yín, ara yín ló ń san gbèsè náà sí. Ìdí nìyí tó fi ń bó ni ju omi híhó lọ. Torí náà, ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí yín ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gbé ọmọrí sókè. Bó bá sì jó yín, ẹ má fi epo pa á. Abẹ́ omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ gbé e sí fún 20 ìṣẹ́jú.