Wákàtí Mélòó Ni Ilé Kan Ní Etí Omi Ìlàjẹ?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fọṣọ, ẹ fi nǹkan sétí dáadáa, ìṣirò la fẹ́ ṣe lónìí.

Wákàtí mélòó ni àwọn òṣìṣẹ́ máa lò kí ilé kan tó dúró? Ní Àkúrẹ́, bíríkìlà á wo ilẹ̀, á ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀gá mi." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. (Kì í sábàá rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.) Ẹ gbé irú ìṣirò yẹn dé etí omi Ìlàjẹ, ó parí.

Ẹ sì mọ̀ pé òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò tipẹ́. Ilé ń lọ, àwọn èèyàn ń kó sẹ́yìn, wọ́n ń kọ́ òmíràn. Ẹni tó ń kọ́lé lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta kò lówó tó máa ṣòfò. Tó bá ṣírò iṣẹ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì, tó wá gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún, owó páànù ló máa fi san owó lébìrà. Òjò á wá bá ilé láìsí òrùlé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìgbókọ̀dá, níbi tí ọkọ̀ ilẹ̀ ti ń já ẹrù sílẹ̀ fún ọkọ̀ ojú omi. Ká ní àpò síméǹtì 100 ni. Ẹ gbé e kúrò nínú ọkọ̀ ilẹ̀, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ gbé e gòkè, ẹ tún gbé e lórí afárá pákó dé ibi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Gbígbé 400 nìyẹn, àpò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kílò 50. A ò tíì po síméǹtì rárá o!

Omi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Omi òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àkókò rẹ̀ sì ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Tí omi bá fà láàárọ̀ òní, ẹ má retí rẹ̀ ní agogo kan náà lọ́la. Ká ní òpó 40 ni ilé fẹ́, èèyàn mẹ́rin sì ń ri ọ̀kan ní ìdajì wákàtí. Wákàtí 20 nìyẹn. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí a bá ń ṣe wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, kò ní pé ọjọ́ mẹ́ta. Àmọ́ tó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta péré ni omi fàyè gbà wá lójúmọ́, ọjọ́ méje ni.

Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lébìrà tó jáde nílé ní agogo mẹ́fà, tó jókòó sórí pákó títí omi fi fà, ṣé ó ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́? Ọ̀pọ̀ onílé á ní kò ṣiṣẹ́. Èmi ò gbà. Kò lè lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ọjọ́ rẹ̀ ti lọ.

Àwọn bàbá wa mọ èyí nínú àáró: ọjọ́ kan tí o fún mi, ọjọ́ kan ni mo jẹ ọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ní 1947, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọn kì í sanwó iṣẹ́ fún ara wọn. Lónìí owó ló wà láàárín wa, ó sì yẹ ká kà á dáadáa.

Nítorí náà, ẹ ṣí ibi ìkọ̀wé lórí fóònù yín. Ẹ ya wákàtí ẹrù gbígbé sọ́tọ̀, wákàtí dídúró de omi sọ́tọ̀, wákàtí iṣẹ́ gan-an sọ́tọ̀. Ẹ bi kápẹ́ńtà tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ nípa omi, ẹ má bi ẹni tó wá láti ìgboro. Tó bá jẹ́ àsìkò òjò, ẹ fi ọjọ́ kún un. Ẹ wá ṣàdéhùn owó dídúró, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp kí ọkọ̀ tó ṣí ní Ìgbókọ̀dá.