Ọ̀rọ̀ Aago Ọwọ́ Tí A Fẹ́ Rà fún Àwọn Olùkọ́ Wa

Alága, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ ṣa òkúta nínú ẹ̀wà ilé oúnjẹ, mo kí yín o. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá, tó jẹ́ inú ìwé ìròyìn wa yìí ni ẹ ti ń kà á, mo kí ẹ̀yin náà. Akọ̀wé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tèmi, ẹ sì mọ̀ pé láti ìgbà tó ti ń lu agogo fún wa ni kò ti gbà kí ìṣẹ́jú kan lé.

Ẹ̀ka wa tó wà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí wa. Wọ́n fẹ́ dáwó ra aago ọwọ́ fún àwọn olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìntì, irú èyí tó ń pe ènìyàn bí àgbàlagbà bá ṣubú. Wọ́n ní ìdánìkanwà ń pa àwọn àgbà. Wọn kò purọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, gbé ìwé kan jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n ní nínú ènìyàn 6 láyé, ọ̀kan ń jìyà ìdánìkanwà, àti pé ó lọ́wọ́ nínú ikú ènìyàn tó lé ní 871,000 lọ́dún kan. Ìjọba Ìlú Ọba yan mínísítà fún ọ̀rọ̀ yìí ní 2018, Jàpáánù yan tirẹ̀ ní 2021. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n yan mínísítà fún ìdánìkanwà, ẹ̀rín ni mo rín. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọmọ márùn-ún ni màmá mi bí, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó ń gbé Iléṣà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester fi irú aago bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Káàdì SIM wà nínú rẹ̀, bọ́tìnì pupa kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, yóò pe nọ́ńbà àkọ́kọ́. Bí ìyẹn kò bá gbé e, yóò pe èkejì, yóò pe ẹ̀kẹta. Ẹ rántí pé láti ìparí ọdún 2020 ni ìjọba ti ní a gbọ́dọ̀ so NIN mọ́ gbogbo láìnì, nítorí náà màmá ní láti lọ tò. Odindi ọjọ́ kan ni. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, àfi bí wọ́n ṣe ní àwọn gbádùn rẹ̀, pé àwọn rí ọ̀rẹ́ àwọn kan lórí ìlà tí àwọn ti rò pé ó ti kú. Ó yẹ kí n ti fura láti ibẹ̀.

Nọ́ńbà tèmi ló jẹ́ àkọ́kọ́, torí pé Ìbàdàn ni mò ń gbé. Alẹ́ ọjọ́ kìíní, aago pè. Àyà mi já. "Màmá, kí ló dé?" "Kò sí nǹkan. Mo ní kí n wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ni." Ọjọ́ kejì, wọ́n tún wò ó. Ọjọ́ kẹta náà, wọ́n wò ó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, èmi ọlọ́gbọ́n bá la ẹnu mi, mo ní, "Màmá, bọ́tìnì ewu ni o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣeré." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Aago dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nínú WhatsApp ẹbí wa, a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara màmá le. Ìgbà tí mo délé lọ́jọ́ Àjíǹde, orí ìṣó ni mo ti rí aago, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, bátìrì rẹ̀ ti kú. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, "Ẹ ní kí n má pè àyàfi tí mo bá ṣubú. N kò tíì ṣubú."

Ẹ̀yin ará, n kò rí èsì fọ̀.

Nígbà tí mo padà, mo wádìí ẹ̀rọ yìí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1974, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Andrew Dibner, dá ilé-iṣẹ́ Lifeline sílẹ̀. Bọ́tìnì kékeré ni àgbàlagbà ń gbé kọ́rùn. Bó bá tẹ̀ ẹ́, àpótí kan tó wà lára tẹlifóònù ilé yóò pe ibùdó kan, ènìyàn ẹlẹ́ran-ara yóò sì dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀ yẹn. Àwọn tó ń gba ìpè ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba mọ̀ dáadáa pé àwọn kan kì í tẹ bọ́tìnì torí ìṣubú, pé ohùn ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Aago òde òní mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2018 ni Apple Watch ti lè mọ̀ bí ènìyàn bá ṣubú. Nǹkan tíńtín kan wà nínú rẹ̀ tó ń wọn bí ọwọ́ ṣe já lulẹ̀ lójijì. Ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń ka ìlùkìkì ọkàn. Ó lè jẹ́ kí ọmọ tó wà ní Houston mọ̀ pé bàbá kò rìn púpọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Kò lè bá a lọ kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rọ àwọ̀sára kan wà tí mo rò pé ó yẹ kó ṣáájú aago, a kò sì kà á sí. Ẹ rántí tísà wa tó kọ́ wa ní ìṣirò. (Wọ́n fún mi láyè láti sọ ọ́.) Ọdún mẹ́ta ni wọn kò fi wá sí ìpàdé yìí, àwọn kan nínú wa sì ní wọ́n ti ń gbéra ga. Mo lọ kí wọn lóṣù tó kọjá. Mo bi wọ́n nípa ọmọ, ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n fi dáhùn. Etí ni! Ojú ń tì wọ́n láti máa sọ pé "kí lo wí?" níwájú àwọn ọmọ tí wọ́n ti nà rí nítorí pé wọn kò fetí sílẹ̀. WHO sọ pé nínú àwọn tó ti lé ní ọdún 60, ó ju 25 nínú 100 tí etí wọn ti bàjẹ́ débi tó ń dí wọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò gbọ́rọ̀, bí ilé rẹ̀ kún fún èrò, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ etí sì nílò ẹni tí yóò mú wọn lọ fún àyẹ̀wò, tí yóò máa ra bátìrì rẹ̀, tí yóò tún mú wọn padà lọ bó bá ń hó létí wọn. Ẹ̀ka wa ní Amẹ́ríkà lè fowó ránṣẹ́. Àwa tí a wà nítòsí la lè mú wọn lọ.

N kò ní kí a má ra aago. Màmá mi ti so tiwọn padà mọ́ ọwọ́, ìyàwó mi ló ń rán wọn létí iná. Ohun tó yí padà ni pé mo ń pè wọ́n láago méje alẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ń pè lọ́jọ́ Àìkú, a sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ bọ́tìnì nígbà tó bá wù wọ́n. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ra ẹyọ kan fún olùkọ́ kankan títí a ó fi mọ nọ́ńbà mẹ́ta tí yóò máa pè, kí àwọn tó ni nọ́ńbà náà sì jẹ́ ẹni tó ń gbé fóònù.

Ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Mo kọ orúkọ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ síwájú rẹ̀. Kí ẹ tó lọ síbi ìrẹsì, ẹ yà síbẹ̀. Ti tísà ìṣirò, ẹ má kọ pé ẹ ó pè o. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi lọ. Èmi ti mú Wẹ́sìdeè.