ERUKU INÚ ÀPÒ ṢÒKÒTÒ

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé dé Tarauni, Sabon Gari àti káàkiri ìlú Kánò, àwọn baba wa a máa wí pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, nítorí ó kan ẹ̀mí àwọn ọmọ wa.

Ní ọdún 1996 ni a yọ Ìpínlẹ̀ Zamfara jáde lára Sókótó. Wúrà ń bẹ nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní àwọn abúlé bí Dareta àti Yargalma. Gìrì a mú wọn, wọn a sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ rò pé ibà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn dókítà Médecins Sans Frontières wọ ọ̀rọ̀ náà, tí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò, òjé ni a bá níbẹ̀. Òjé pọ̀ nínú òkúta tí a ti ń wá wúrà. Wọ́n ń gbé òkúta náà wá sílé, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ọlọ lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀, ó bo ẹní, ó bo ọwọ́ ọmọ tí ń rá. Ó kéré tán, 400 ọmọ ni ó bá a lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí baba tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní májèlé. Oúnjẹ ọmọ ni ó ń wá tí ó fi gbé ikú wọlé.

Oògùn wà tí ń fa òjé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n asán ni bí ọmọ bá tún padà sórí ilẹ̀ tí ó ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ họ erùpẹ̀ òkè kúrò, tí wọ́n ń kó tuntun dà síbẹ̀. Owó ìjọba kò tètè jáde. Ọdún 2013 ni a tó tún ilẹ̀ Bagega ṣe. Láti ìgbà náà, àwọn agbébọn ti sọ ọ̀pọ̀ abúlé Zamfara di ibi àìlèwọ̀. Níbi tí kò sí àlàáfíà, ta ni yóò lọ yẹ ilẹ̀ wò? Ta ni yóò gbé oògùn tọ ọmọ lọ? Ogun kì í fi ìbọn nìkan pa ènìyàn.

Ẹ má sọ pé Zamfara jìnnà. Mo bẹ ìdílé kan wò níhìn-ín. Baba ilé a máa tú òkú bátìrì mọ́tò, a sì máa yọ́ òjé inú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọmọ rẹ̀ kékeré rọ̀ mọ́ ọn, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ láti wá súìtì, ó sì ti ọwọ́ náà bọ ẹnu. Àyà mi já. Mo bá baba sọ ọ́. Ó ní, “Fadá, ẹ má bínú, bí mo bá fi èyí sílẹ̀, kí ni a ó jẹ?” Ìbéèrè òdodo ni. N kò ní kí ó jókòó lásán. Mo ní kí ó máa ta òkú bátìrì ní odindi, kí iná òjé kúrò nílé.

Ara ọmọdé a máa gba òjé ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbà, ọpọlọ tí ó bá sì bà jẹ́ ṣòro láti tún ṣe. Nítorí náà, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbi iṣẹ́. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ. Ẹ má fọ aṣọ náà pọ̀ mọ́ tọmọ. Ẹ fọ ọwọ́ ọmọ kí ó tó jẹun. Bí inú bá ń run ún lemọ́lemọ́, tí ó ń rù, tàbí tí gìrì mú un, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà. Ẹ má fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù àtijẹ.

Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ òní, kí ọmọ tó sáré pàdé yín, ẹ kọ́kọ́ wo àpò ṣòkòtò yín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa gbé ẹkún wọlé. Ó dìgbà kan ná.